Nọ́ńbà Tó Ń Ṣọ́ Ara Rẹ̀

CSQU 305438 3.

Bí ẹ bá dúró sí ẹnu géètì Kirikiri Lighter Terminal ní Èkó, irú nǹkan báyìí lẹ máa rí lára gbogbo kọ̀ǹténà tó bá ń jáde: lẹ́tà mẹ́rin, nọ́ńbà mẹ́fà, àti ẹyọ nọ́ńbà kan tó dá dúró nínú àpótí kékeré tí wọ́n fi ọ̀dà fà yí i ká. Wọ́n kọ ọ́ sí ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n tún kọ ọ́ sí orí òrùlé kí ẹni tó ń wa kireenì lè rí i. Èyí tí a kọ sókè yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àpẹẹrẹ tí wọ́n sábà fi ń kọ́ni ní ìlànà nọ́ńbà kọ̀ǹténà káàkiri ayé.

Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ni kọ̀ǹténà náà. Ilé iṣẹ́ kan ní Paris tí wọ́n ń pè ní BIC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933, ló ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tó ni àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Lẹ́tà kẹrin, U, ń sọ pé kọ̀ǹténà ẹrù ni. Nọ́ńbà mẹ́fà tó tẹ̀ lé e ni ẹni tó ni ín fi dá kọ̀ǹténà yìí mọ̀ láàárín àwọn yòókù. Ẹyọ nọ́ńbà ìkẹyìn, 3 inú àpótí yẹn, kò sọ nǹkan kan nípa ẹrù, kò sì sọ nǹkan kan nípa olówó rẹ̀. Check digit ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹténà ń pè é. Nínú orí yìí, nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́ la ó máa pè é, nítorí iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: kí ó ṣọ́ àwọn mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀, kí ó sì figbe ta bí ẹnikẹ́ni bá ṣì wọ́n kọ.

Báwo ni nọ́ńbà ṣe lè ṣọ́ nọ́ńbà? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ohun tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí a bá pín nọ́ńbà ńlá, àti nínú ìwà àrà ọ̀tọ̀ kan tí 11 ní tí 10 kò ní.

Ọwọ́ mélòó ló ń kọ nọ́ńbà kan?

Lighter ni àwọn atukọ̀ ń pe bájì, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí ọkọ̀ mìíràn sábà máa ń fà. Ó ń lọ bá ọkọ̀ òkun níbi tó dúró sí, ó ń já ẹrù lára rẹ̀, á sì gbé e gba ojú omi tó tẹ́jú lọ sí èbúté tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. Èkó mọ ìdí tí irú èbúté bẹ́ẹ̀ fi wúlò. Ní 1975, símẹ́ǹtì tí ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ fún tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ogún tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni èbúté Èkó kò lè gbà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan lọ́dún. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun tò sójú omi, wọ́n ń retí àyè. Wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island ní 1977. Nígbà tó sì di ọdún àìpẹ́ yìí tí tírélà dí ọ̀nà Àpápá pa, bájì tún padà di ọ̀nà àbáyọ: ó ń gbé kọ̀ǹténà láti Àpápá àti Tin Can gba orí omi lọ sí Kirikiri àti ibòmíràn.

Ẹ wá ka ọwọ́ tí nọ́ńbà kọ̀ǹténà kan ń gbà kọjá. Akọ̀wé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kọ ọ́ sí bill of lading, ìwé ẹ̀rí ẹrù. Wọ́n tún un kọ sí manifest, ìwé àkójọ ẹrù inú ọkọ̀. Ẹni tó ń ṣe tálì, ìyẹn ẹni tó ń ka ẹrù, kọ ọ́ nígbà tí kireenì ń gbé e sórí bájì. Ẹlòmíràn kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Kirikiri. Ejẹ́ǹtì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹni ẹnu géètì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, dírẹ́bà tírélà sì gba waybill tí wọ́n kọ ọ́ sí. Iyọ̀ omi òkun lè ti jẹ ọ̀dà ara kọ̀ǹténà náà, ilẹ̀ lè ti ń ṣú, òjò lè máa rọ̀. Ẹni tó rí 54 lè kọ 45. 3 tí ìpẹtà ti bá lè dà bíi 8. Bí ohun tó wà lórí ìwé bá sì ti yàtọ̀ sí ohun tó wà lára irin, kọ̀ǹténà ò ní jáde, owó ìdádúró tí wọ́n ń pè ní demurrage á sì máa gorí ara wọn.

Ohun tí ayé ń wá nígbà náà ni ọ̀nà tí àṣìṣe fi máa hàn lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní láti padà lọ wo kọ̀ǹténà náà ní jẹ́tì.

Ọ̀kẹ́ àti àwọn tó lè pín in

Ìwà nọ́ńbà máa ń hàn nínú ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí àwọn baba wa mọ̀ dunjú. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Okùn àádọ́ta jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló kún àpò kan, àpò náà sì ni ọ̀kẹ́, 20,000.

Bí a bá tú ọ̀kẹ́ dé ìpìlẹ̀, 2 àti 5 nìkan la máa bá níbẹ̀. 2 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, 5 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. 2 × 2 × 2 × 2 × 2 jẹ́ 32. 5 × 5 × 5 × 5 jẹ́ 625. Bí ẹ bá lọ́ 32 po ní 625, 20,000 gééré lẹ máa rí.

Láti ibí yìí, a lè mọ iye nọ́ńbà tó lè pín ọ̀kẹ́ láìṣẹ́kù láìjẹ́ pé a dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ mú nínú àwọn 2 lè máà mú rárá, ó lè mú ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin tàbí gbogbo márààrún: ọ̀nà mẹ́fà. Nínú àwọn 5, ọ̀nà márùn-ún ló wà. Ẹ̀fà lọ́nà márùn-ún jẹ́ ọgbọ̀n. Nọ́ńbà ọgbọ̀n ló lè pín ọ̀kẹ́: 1, 2, 4, 5, 8, 10, 16, 20, 25, 32, 40, 50, títí dé orí ọ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ọjà fẹ́ nìyẹn. Ẹni méjì pín in, ó dọ́gba. Ẹni márùn-ún pín in, ó dọ́gba. Ẹni mẹ́rìndínlógún pín in, kálukú gba 1,250, ìjà ò sí.

Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta bá fẹ́ pín in, owó ẹyọ 2 á ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ ẹni méje, ẹyọ 1 á ṣẹ́kù. Bí ó bá jẹ́ ẹni mọ́kànlá, 2 á ṣẹ́kù. 3, 7 àti 11 kò ní ìbátan kankan pẹ̀lú ọ̀kẹ́.

Àwọn mẹ́ta yìí wà lára ohun tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní prime: nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní nọ́ńbà àìpín. 2, 3, 5, 7, 11, 13, 17, 19: báyìí ni wọ́n ń lọ, wọn kò sì lópin. Euclid, onímọ̀ tó gbé ní Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, ti fi ẹ̀rí hàn pé wọn kò lè tán. Eratosthenes, ọmọ ìlú Cyrene ní ilẹ̀ tó di Líbíyà lónìí, ló ni ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń yọ wọ́n: kọ gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀, pa gbogbo ìlọ́po 2 rẹ́, pa ti 3 rẹ́, pa ti 5 rẹ́, kí o máa bá a lọ, àwọn tó bá kù nílẹ̀ ni nọ́ńbà àìpín.

Ọ̀kẹ́ dára fún pínpín nítorí pé ohun púpọ̀ ló lè pín in. A ó rí i láìpẹ́ pé ìdí yìí gan-an ni kò fi dára fún ìṣọ́.

Ká tú 305,438 palẹ̀

Ẹ yọ lẹ́tà kúrò nínú nọ́ńbà wa ná, kí ẹ ka ìyókù bí odidi nọ́ńbà kan. Ní ìṣirò Yorùbá, 305,438 jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, pẹ̀lú irinwó ó lé méjìdínlógójì. Ó tóbi ju ọ̀kẹ́ kan lọ nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣé ó ní olùpín tó pọ̀ jù ú lọ?

Ẹyọ tó parí rẹ̀ ni 8, nítorí náà 2 pín in: ó ku 152,719. Ẹ ro àwọn ẹyọ 305,438 pọ̀: 3 + 0 + 5 + 4 + 3 + 8 jẹ́ 23. 3 kò lè pín 23, nítorí náà 3 kò lè pín 305,438. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe idán. Bí a bá yọ 1 kúrò lára 10, 9 ló kù. Lára 100, 99 ló kù. Lára 1,000, 999 ló kù, 3 sì pín gbogbo wọn. Ohun tó bá ṣẹ́kù lára àròpọ̀ àwọn ẹyọ ló máa ṣẹ́kù lára odidi nọ́ńbà náà. 5 kò pín in, nítorí pé kò parí sí 0 tàbí 5. 7 pín 152,719, ó sì ku 21,817.

Ibi tó ti le nìyí. Kí ló lè pín 21,817? Ọ̀nà tó dájú ni kí a dán àwọn nọ́ńbà àìpín wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a kò ní láti dán gbogbo wọn wò. 148 × 148 jẹ́ 21,904, ó sì ti ju nọ́ńbà wa lọ. Bí 21,817 bá jẹ́ ìlọ́po nọ́ńbà méjì, ọ̀kan nínú méjèèjì ní láti wà ní ìsàlẹ̀ 148. Nọ́ńbà àìpín mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà ní ìsàlẹ̀ 148, láti orí 2 títí dé 139. Ẹni tó bá fara balẹ̀ dán wọn wò á rí i pé kò sí èyí tó pín in láìṣẹ́kù. Pẹ̀lú 101, ẹyọ 1 péré ló ṣẹ́kù. Nítorí náà, 21,817 jẹ́ nọ́ńbà àìpín fúnra rẹ̀. Ìtúpalẹ̀ wa parí síbẹ̀:

305,438 = 2 × 7 × 21,817.

Iye olùpín rẹ̀ jẹ́ 2 × 2 × 2, ìyẹn mẹ́jọ. Ọ̀kẹ́ ní ọgbọ̀n, nọ́ńbà tó fi ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú lọ ní mẹ́jọ. Títóbi nọ́ńbà kò sọ ohunkóhun fún wa nípa iye ohun tó lè pín in.

Ẹ kíyè sí i pé láti lọ́ nọ́ńbà po rọrùn, láti tú u palẹ̀ ló ṣòro. Ọmọ tó mọ ìṣirò lè lọ́ 2, 7 àti 21,817 po ní ìṣẹ́jú kan. Títú tiwa palẹ̀ gba ìdánwò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Bí nọ́ńbà ṣe ń gùn sí i ni ìyàtọ̀ yìí ń pọ̀ sí i. Ní 1977, Rivest, Shamir àti Adleman ní MIT ní Amẹ́ríkà fi ìyàtọ̀ yìí kọ́ ọ̀nà tí a fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa: wọ́n lọ́ nọ́ńbà àìpín ńlá méjì po, wọ́n sì fi èsì rẹ̀ síta fún gbogbo ayé láìbẹ̀rù. Ní 2020 ni àwọn onímọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tó ní ẹyọ 250 palẹ̀, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló sì pa agbára pọ̀ fún un. Èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí gùn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì.

Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́

Ká padà sí kọ̀ǹténà wa. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 6346 ló sọ bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà ẹ̀ṣọ́, ìṣirò iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì tó fún un.

Àkọ́kọ́, lẹ́tà gbọ́dọ̀ di nọ́ńbà. A jẹ́ 10. Wọ́n fo 11, B wá di 12, wọ́n sì kà á lọ bẹ́ẹ̀ títí K fi di 21. Wọ́n fo 22, L di 23, ó ń lọ títí U fi di 32. Wọ́n fo 33, V di 34, Z sì di 38. 11, 22 àti 33 ni wọ́n fò, ìyẹn àwọn ìlọ́po 11. Kò sí lẹ́tà tí 11 máa pín tí kò ní ṣẹ́ nǹkan kan kù.

Èkejì, ipò kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po tirẹ̀: 1, 2, 4, 8, 16, 32, 64, 128, 256, 512. Ipò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ fi ṣe CSQU 305438:

C, 13 × 1 = 13
S, 30 × 2 = 60
Q, 28 × 4 = 112
U, 32 × 8 = 256
3 × 16 = 48
0 × 32 = 0
5 × 64 = 320
4 × 128 = 512
3 × 256 = 768
8 × 512 = 4,096

Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6,185. Ẹ fi 11 pín in: 11 × 562 jẹ́ 6,182, ó ṣẹ́ 3 kù. 3 yẹn ló wà nínú àpótí kékeré.

Ẹni tí kò ní kaliketọ̀ lọ́wọ́ lè rí àṣẹ́kù 11 ní ọ̀nà kúkúrú. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, kí ó máa rò, kí ó máa yọ, ní àyípo: 5 − 8 + 1 − 6. Èsì rẹ̀ jẹ́ 8 tó wọ gbèsè. Ẹ fi 11 kún un, ó di 3. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé 10 fi 1 dín sí 11, 100 fi 1 lé 99, 1,000 fi 1 dín sí 1,001, 11 sì pín 11, 99 àti 1,001 láìṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe àṣìṣe mọ̀ọ́mọ̀. Bí ẹni tó ń ṣe tálì bá gbé 5 àti 4 fún ara wọn, tó kọ 304538 dípò 305438, àròpọ̀ á di 6,249, àṣẹ́kù á sì di 1. Inú àpótí sọ pé 3, ìṣirò sọ pé 1: àṣìṣe ti hàn. Bí ó bá ka 3 àkọ́kọ́ sí 8, àròpọ̀ á di 6,265, àṣẹ́kù á di 6. Ó tún hàn. Kọ̀ǹpútà tí ejẹ́ǹtì ń tẹ̀ lè kọ̀ láti gba irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìmọ ohunkóhun nípa ohun tó wà nínú kọ̀ǹténà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mọ́kànlá?

Gbogbo agbára rẹ̀ wà nínú òfin kan: nọ́ńbà àìpín kì í pín èsì ìlọ́po nọ́ńbà méjì àfi bí ó bá lè pín ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí 11 kò bá pín èyí, tí kò sì pín tọ̀hún, kò ní pín wọn nígbà tí a bá lọ́ wọn po. 10 kò lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀. 10 kò pín 2, kò pín 5, ṣùgbọ́n 2 × 5, àwọn kan náà tó kọ́ ọ̀kẹ́, ti di 10.

Ẹ wo ohun tí òfin yìí ń ṣe. Ẹni tó ṣi ẹyọ nọ́ńbà kan kọ ti yí àròpọ̀ padà pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹyọ méjèèjì, lọ́nà ìlọ́po ipò rẹ̀. Ìyàtọ̀ náà kò lè ju 9 lọ, nítorí náà 11 kò lè pín in. Ìlọ́po ipò rẹ̀ jẹ́ 2 tó ń lọ́po ara rẹ̀, 11 kò lè pín ìyẹn náà. Àyípadà náà kò lè fara pamọ́ fún 11.

Bí ó bá gbé ẹyọ méjì fún ara wọn ńkọ́? Níbí, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ipò méjì má ṣe ní àṣẹ́kù kan náà. Ẹ fi 11 pín àwọn ìlọ́po mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí ẹ kọ ohun tó ṣẹ́kù: 1, 2, 4, 8, 5, 10, 9, 7, 3, 6. Gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 10 ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí èyí tó jọ ara wọn. Bí wọ́n bá fi 3 ṣe é dípò 2, 1, 3, 9, 5, 4 ni à bá rí, lẹ́yìn náà ó máa padà sí 1; ìdajì àwọn ipò á jọ ìdajì yòókù, ẹ̀ṣọ́ á sì di afọ́jú ẹ̀gbẹ́ kan.

Bí a bá lọ síwájú sí ipò kọkànlá, 1,024 ni ìlọ́po rẹ̀. 1,023 sì jẹ́ 11 × 93, nítorí náà àṣẹ́kù 1,024 jẹ́ 1, a ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ara òfin tí Pierre de Fermat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ sínú lẹ́tà kan ní 1640 nìyí: ohunkóhun tí 11 kò bá lè pín, bí a bá lọ́ ọ po mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, 1 ló máa ṣẹ́kù lọ́wọ́ 11. Lẹ́tà mẹ́rin àti nọ́ńbà mẹ́fà jẹ́ mẹ́wàá. Wọ́n kún àyè tí 11 ní pẹ́pẹ́.

Ibi tí ẹ̀ṣọ́ ti ń tòògbé

Kò sí ẹ̀ṣọ́ tí kì í sùn rárá. Bí a bá fi 11 pín nǹkan, àṣẹ́kù lè jẹ́ 10, bẹ́ẹ̀ àyè ẹyọ nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí. Àwọn tó ṣe nọ́ńbà ISBN àtijọ́ fún ìwé, èyí tó ní ẹyọ mẹ́wàá, fi X dípò 10 títí ìlànà tuntun fi dé ní 2007. Àwọn oníkọ̀ǹténà kọ 0 dípò 10. Nítorí náà àṣẹ́kù 0 àti àṣẹ́kù 10 jọ ara wọn lójú, àṣìṣe díẹ̀ sì lè gba àárín wọn kọjá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba àwọn ilé iṣẹ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe lo nọ́ńbà tí àṣẹ́kù rẹ̀ bá jẹ́ 10.

Àléébù kejì wà lọ́dọ̀ àwọn lẹ́tà. M jẹ́ 24, W jẹ́ 35. 11 ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹni tó bá kọ M dípò W kò ní rí ìyàtọ̀ kankan nínú àṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà méjì tó rọrùn láti ṣì mú fún ara wọn nìyẹn nígbà tí a bá ń wo kọ̀ǹténà láti òdìkejì. Níbí, ìwé orúkọ BIC ló kù tó lè gbani: àwọn lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò yẹ kó wà lára kọ̀ǹténà.

Ẹ̀ṣọ́ tó ń lo 10 dípò 11 tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ òkun fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà IMO, ẹyọ méje. A lọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ po ní 7, 6, 5, 4, 3 àti 2, a rò wọ́n pọ̀, ẹyọ ìparí àròpọ̀ náà ló di ẹ̀ṣọ́. Nínú 9074729, 63 + 0 + 35 + 16 + 21 + 4 jẹ́ 139, ẹ̀ṣọ́ sì jẹ́ 9. Bí ẹnì kan bá kọ 5 dípò 7 tó wà ní ipò kẹta, 35 á di 25, àròpọ̀ á di 129, ẹ̀ṣọ́ á ṣì jẹ́ 9. Ó ti sùn lọ, nítorí pé 2 × 5 jẹ́ 10.

Èyí tó kan gbogbo wa jù ni nọ́ńbà àkáǹtì báǹkì. Ní 2010, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà NUBAN jáde, èyí tó sọ àkáǹtì gbogbo báǹkì di ẹyọ mẹ́wàá. Ẹyọ kẹwàá ni ẹ̀ṣọ́. Wọ́n fi kóòdù báǹkì sí iwájú mẹ́sàn-án yòókù, wọ́n lọ́ wọn po ní 3, 7, 3, 3, 7, 3, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, ohun tí àròpọ̀ sì nílò kó tó pé ẹ̀wá míì ni ẹ̀ṣọ́. Ẹ mú kóòdù 011 àti 000001457: àròpọ̀ wọn jẹ́ 81, ó ku 9 kó pé 90, ẹ̀ṣọ́ jẹ́ 9. 3 àti 7 kò bá 10 tan, nítorí náà bí ẹ bá ṣi ẹyọ kan ṣoṣo tẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á mú un. Ṣùgbọ́n ẹ gbé 1 àti 4 fún ara wọn, kí ó di 000004157. Àròpọ̀ ṣì jẹ́ 81. Ẹ̀ṣọ́ ṣì jẹ́ 9. Ìdí ni pé ipò kẹfà àti ìkeje nínú nọ́ńbà àkáǹtì ní ìlọ́po 3 kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ipò kẹta àti ìkẹrin náà rí. Bí ẹ bá gbé ẹyọ wọn fún ara wọn, kò sí ẹ̀ṣọ́ NUBAN tó lè mọ̀.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tálì, dírẹ́bà, ejẹ́ǹtì, tàbí ọmọ iléèwé ní Ajégúnlẹ̀ tó mọ bí a ṣe ń sọ nǹkan di ìlọ́po méjì, kò sí èyí tí kò lè ṣe ìṣirò kọ̀ǹténà lẹ́yìn ìwé waybill. Ẹ ṣe é kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ní ti owó, ẹ má ṣe gbára lé pé fóònù gba nọ́ńbà yín wọlé. Ẹ ka orúkọ tó bá yọ lójú rẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ kó lọ.